Lẹ́tà ẹni 66 tó yọ Pírẹ́míà: Ládòkè Akíntọ́lá àti ìwé òfin tí wọ́n yí padà sẹ́yìn

Wọn kì í dárúkọ Ládòkè Akíntọ́lá nílé wa nígbà tí oúnjẹ bá wà nílẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, ọmọ Rẹ́mọ ni ìyá mi. Tí ọdún bá kó gbogbo ẹbí jọ, tí ìyá bàbá mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í yin SLA, pé a ò tún lè rí ẹni tí Yorùbá dùn lẹ́nu ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́, bàbá ìyá mi á kàn rọra dìde, á lọ jókòó síta. Wọ́n dáná sun ọkọ̀ akẹ́rù bàbá yìí ní ìparí ọdún 1965. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ní nìyẹn. Kò mọ ẹni tó sun ún, kò sì ra òmíràn títí tó fi kú.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ àti Rẹ́mọ lásán. Gbólóhùn kan nínú ìwé òfin wà nídìí ẹ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, nígbà tí Ààrẹ kéde pàjáwìrì ní Ìpínlẹ̀ Rivers, tó ní kí gómìnà àti àwọn aṣòfin lọ rọ́kún nílé fún oṣù mẹ́fà, tó sì fi ọ̀gá ológun ojú omi kan tó ti fẹ̀yìn tì sípò, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ mi ló ń bi mí bóyá irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ó ti ṣẹlẹ̀ o, ó sì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa níbí, ní Ìbàdàn, ló ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, ní 1962. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí.

Ta ni SLA?

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ní oṣù Keje ọdún 1910. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n tọ́ ọ dàgbà sí. Ó lo lára ìgbà ọmọdé ẹ̀ ní Minna, lókè Ọya lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ló sì ti gbọ́ èdè Hausa. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó di tíṣà ní Baptist Academy l'Ékòó, ó sì lò ju ọdún mẹ́wàá lọ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló bọ́ sídìí iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ó di olóòtú Daily Service ní 1943, òun náà ló sì dá Ìròyìn Yorùbá sílẹ̀, kí àwọn tí ò gbọ́ òyìnbó náà lè mọ ohun tó ń lọ nílùú. Èmi tí mò ń fi Yorùbá kọ ìròyìn jẹun lónìí, mi ò lè ṣe bí ẹni pé mi ò mọ̀ ọ́n. Bàbá iṣẹ́ wa ni.

Ní 1946 ó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà lọ sí ìlú ọba, ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin, ó sì di lọ́yà ní 1950. Nígbà tó dé, wọ́n ń gbé Action Group dìde, ẹgbẹ́ tí àwọn bàbá wa ń pè ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni aṣíwájú. Nígbà tí Bọ́dé Thomas tó jẹ́ igbákejì kú ní 1953, Akíntọ́lá ló bọ́ sípò náà. Ó ṣe mínísítà l'Ékòó, ó ṣe olórí àwọn alátakò nílé aṣòfin àpapọ̀, òun ló sì gbé àbá òmìnira lọ síwájú ilé náà ní 1957, tí ilé fọwọ́ sí i.

Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀ kì í tètè gbàgbé. Ó mọ òwe, ó mọ àwàdà, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rín gún ènìyàn ní abẹ́rẹ́. Àwọn tí wọ́n kórìíra òṣèlú ẹ̀ gan-an ṣì ń fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ pa ara wọn lẹ́rìn-ín títí dòní.

Ọ̀kan ní ẹgbẹ́, èkejì ní ìjọba

Ní ìparí 1959, Awólọ́wọ̀ fi ipò Pírẹ́míà Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀ torí pé ó fẹ́ ṣe olórí ìjọba gbogbo Nàìjíríà. Kò rí i ṣe. Ó di olórí alátakò l'Ékòó. Akíntọ́lá ló gba ipò Pírẹ́míà ní Ìbàdàn.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: aṣíwájú ẹgbẹ́ wà l'Ékòó, kò ní owó ìjọba lọ́wọ́, kò ní kọ́ńtíráàtì tó lè fún ẹnikẹ́ni. Igbákejì ẹ̀ wà ní Ìbàdàn, òun ló ń ṣàkóso àpò kòkó. Ta ni ọ̀gá ta? Lójú ẹgbẹ́, Awólọ́wọ̀ ni. Àmọ́ ìwé òfin ò mọ ẹgbẹ́. Ohun méjì péré ló mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ Pírẹ́míà: gómìnà àti ilé aṣòfin.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ síbí, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti wá. Ìwé òfin tí a fi gba òmìnira ní 1960, bíi ti ìlú ọba ni wọ́n ṣe é. Gómìnà ìgbà náà kì í ṣe irú gómìnà tí a ń dìbò fún lónìí. Aṣojú Ọbabìnrin ni. Ní Ìwọ̀-Oòrùn, Ọọ̀ni Ifẹ̀, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, ló wà nípò náà. Gómìnà ló ń yan Pírẹ́míà, ẹni tí ó bá rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn aṣòfin wà lẹ́yìn ẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ yàn. Bó ṣe lè yọ ọ́ náà wà níbẹ̀: kò gbọ́dọ̀ yọ Pírẹ́míà àyàfi tó bá hàn sí i pé ọ̀pọ̀ àwọn aṣòfin ò sí lẹ́yìn ẹ̀ mọ́.

Tó bá hàn sí i. Báwo ló ṣe máa hàn sí i? Ṣé nípa ìbò tí wọ́n dì nínú ilé ni? Ṣé nípa lẹ́tà? Àbí kí ẹnìkan kàn wá sọ fún un ní ààfin? Ìwé òfin ò sọ. Àwọn tó kọ ọ́ gbà pé kò lè fa ìjà láéláé. Ní ìlú ọba, wọn kì í béèrè irú ẹ̀, torí pé Pírẹ́míà tí ìbò bá já a kulẹ̀ nílé aṣòfin á kó ẹrù ẹ̀, á lọ.

Oṣù Karùn-ún, 1962

Ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ipò nìkan. Akíntọ́lá gbà pé ó yẹ kí Yorùbá bá àwọn ará Àríwá tó ń ṣe ìjọba l'Ékòó ṣe, kí a lè rí tiwa gbà níbi tí wọ́n ti ń pín in. Awólọ́wọ̀ fẹ́ kí ẹgbẹ́ dúró bí alátakò, kó wá ìbò káàkiri Nàìjíríà, kó sì ṣe ètò ìjọba alájọni. Nígbà tí ẹgbẹ́ ṣe àpérò ní Jos ní oṣù Kejì ọdún 1962, ojú ti já. Ní oṣù Karùn-ún, àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ dá Akíntọ́lá lẹ́bi, wọ́n ní kó fi ipò sílẹ̀. Ó kọ̀.

Ó ní kí gómìnà tú ilé aṣòfin ká kí wọ́n lọ dìbò tuntun. Gómìnà kọ̀. Ó ní kí olórí ilé aṣòfin pe ìjókòó kí àwọn aṣòfin fi ìbò sọ bóyá àwọn ṣì fẹ́ òun. Ìyẹn náà kọ̀. Àwọn aṣòfin 66 wá kọ lẹ́tà sí gómìnà, wọ́n buwọ́ lù ú, pé àwọn ò sí lẹ́yìn Akíntọ́lá mọ́. Wọ́n ju ìdajì ilé lọ. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún, Ọba Adérẹ̀mí yọ Akíntọ́lá, ó sì fi Alhaji Dáúdà Adégbẹ́nró rọ́pò ẹ̀.

Akíntọ́lá ò kúrò. Ó gba kóòtù lọ, ó ní lẹ́tà kì í ṣe ìbò. Fún ọjọ́ díẹ̀, Pírẹ́míà méjì ló wà ní Ìbàdàn, oníkálukú ń sọ pé òun ni.

Ní ọjọ́ 25, ilé aṣòfin jókòó kí wọ́n lè dìbò ìfọkàntán fún Adégbẹ́nró. Bí àdúrà ṣe parí báyìí, aṣòfin kan lára àwọn ti Akíntọ́lá fò sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àga ti ń fò, wọ́n ti gbá ọ̀pá àṣẹ mú, wọ́n ń fi lu tábìlì. Ọlọ́pàá yin tajútajú. Wọ́n tún gbìyànjú láti jókòó lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ kan náà, ìjà tún bẹ́. Ọlọ́pàá lé gbogbo wọn síta, wọ́n ti ilé pa.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń jọ mí lójú tí mo bá rò ó. Akíntọ́lá tó ní kí wọ́n dìbò nílé aṣòfin, àwọn èèyàn ẹ̀ ni ò jẹ́ kí ilé lè dìbò. Àwọn tí wọ́n ní iye ìbò lọ́wọ́, ti Adégbẹ́nró, àwọn náà ni ẹgbẹ́ wọn ò jẹ́ kí ilé jókòó nígbà tí Akíntọ́lá kọ́kọ́ bẹ̀ wọ́n. Kálukú ń sá fún ilé ní ọjọ́ tí kò bá dá a lójú.

Pàjáwìrì àkọ́kọ́

Ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn ìjà yẹn, ní ọjọ́ 29, ilé aṣòfin àpapọ̀ l'Ékòó kéde pàjáwìrì ní Ìwọ̀-Oòrùn. Gómìnà, Pírẹ́míà méjèèjì, mínísítà, aṣòfin, gbogbo wọn ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Olórí ìjọba àpapọ̀, Abubakar Tafawa Balewa, fi dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí, mínísítà ètò ìlera, ṣe alákòóso títí di ìparí ọdún. Wọ́n ní kí Awólọ́wọ̀, Akíntọ́lá, Adégbẹ́nró àti ọ̀pọ̀ èèyàn mìíràn má kúrò ní ibi tí wọ́n fi wọ́n sí.

Gbogbo èyí torí ìjà àga nínú yàrá kan. Kò sí ìjà nígboro Ìbàdàn lọ́jọ́ náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n há mọ́ ni agbẹjọ́rò Rótìmí Williams. Ó gbé alákòóso lọ sílé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ó sì jàre. Ilé ẹjọ́ ní pàjáwìrì ò sọ pé kí ìjọba kàn ti ènìyàn mọ́lé láìsí ìdí tó mọ́gbọ́n dání. Ìyẹn ni pé nígbà yẹn, òfin ṣì ń mí.

Ìdájọ́ méjì

Ẹjọ́ Akíntọ́lá dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní oṣù Keje ọdún 1962, adájọ́ mẹ́ta nínú mẹ́rin dá a láre. Ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ rọrùn láti yé wa: nínú irú ìjọba tí a jogún yìí, inú ilé aṣòfin ni aṣòfin ti ń sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀, ní gbangba, níbi tí ó ti lè gbọ́ tẹnu ẹlòmíràn kó tó dìbò. Ẹni tó buwọ́ lu lẹ́tà ní kọ̀rọ̀ lè yí ọkàn padà lọ́la. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Adájọ́ kan ṣoṣo, Lionel Brett, ni ò gbà.

Adégbẹ́nró gbé ẹjọ́ náà lọ sí Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, torí pé ibẹ̀ ni ìwé òfin ìgbà yẹn ní kí ẹjọ́ parí sí. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1963, wọ́n yí ìdájọ́ náà po, wọ́n ní Adégbẹ́nró ló jàre. Lójú tiwọn, ohun tí ìwé òfin bá sọ ni kí a tẹ̀ lé. Ìwé òfin sọ pé tó bá hàn sí gómìnà. Kò sọ pé inú ilé nìkan ló ti gbọ́dọ̀ hàn. Wọ́n gbà pé ìbò nílé ló dára jù, àmọ́ dídára ò sọ ọ́ di dandan. Àṣà ìlú ọba lè jẹ́ àtọ́nà, ṣùgbọ́n kò lè gba ipò ìwé tí Nàìjíríà fúnra ẹ̀ gbé kalẹ̀.

Ṣé ẹ rí i? Ìdájọ́ méjì, méjèèjì ló ní ọgbọ́n nínú. Àwọn kan wo ẹ̀mí òfin, àwọn kan wo ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òmùgọ̀ ni apá kan, kò tíì ka ẹjọ́ náà.

Òfin tó rin ìrìn ẹ̀yìn

Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdájọ́ fi máa ti Lọ́ńdọ̀nù dé, ilẹ̀ ti mọ́ bá Ìbàdàn lọ́nà mìíràn. Pàjáwìrì ti parí. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kínní ọdún 1963, wọ́n ti dá Akíntọ́lá padà sípò láìsí ìdìbò tuntun. Ó ti dá ẹgbẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀, UPP, ó ti bá àwọn NCNC dọ́rẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ sì ti sá tọ̀ ọ́ lọ. Ìgbìmọ̀ adájọ́ Coker ti tú àpò Ìwọ̀-Oòrùn wò, wọ́n dá Awólọ́wọ̀ lẹ́bi, wọ́n ní Akíntọ́lá ò mọwọ́mẹsẹ̀. Awólọ́wọ̀ fúnra ẹ̀ wà ní kóòtù, wọ́n ń bá a ṣẹjọ́ pé ó fẹ́ dojú ìjọba dé. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá.

Kí ni Akíntọ́lá ṣe sí ìdájọ́ Lọ́ńdọ̀nù? Kò bá a jà ní gbangba. Ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn kàn yára tún ìwé òfin kọ. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ tó bá hàn sí gómìnà kúrò, wọ́n ní ìbò nínú ilé nìkan ló lè yọ Pírẹ́míà. Ìyẹn ò burú, torí bí ilé ẹjọ́ ti wa níbí ṣe sọ ọ́ náà nìyẹn. Ibi tí ó ti burú ni ọjọ́ tí wọ́n ní kí òfin náà bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 1960. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1963, wọ́n ní kó ti wà láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Lójú òfin tuntun yìí, ohun tí Ọọ̀ni ṣe ní 1962 di ohun tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ilé aṣòfin àpapọ̀ náà buwọ́ lù ú.

Ẹ jẹ́ kí n fi bọ́ọ̀lù ṣàlàyé. Ẹ gbá góòlù wọlé, rẹfirí ní ó wọlé. Ẹgbẹ́ kejì wá pe ìpàdé, wọ́n ní láti ọdún tó kọjá ni àwọn ti yí ibi tí òpó góòlù wà padà, góòlù yín ò wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ gbá a, ṣé ẹ tún máa pe rẹfirí lọ́jọ́ mìíràn?

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní Ọbabìnrin mọ́, ìwé òfin tuntun sì fòpin sí gbígbé ẹjọ́ lọ sí Privy Council. Mo gbà pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó ti gbòmìnira, kí ló ń wá ní kóòtù Lọ́ńdọ̀nù? Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti gba ìdájọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nǹkan míì ló rí nínú ẹ̀: ilẹ̀kùn tó gbà wọlé lánàá, wọ́n ti kàn án pa.

Kakaǹfò tí kò ṣeé yọ

Ní 1964 ọ̀rọ̀ SLA ga. Ó da UPP àti àwọn NCNC kan pọ̀ di NNDP, ẹgbẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Dẹ́mọ̀. Aláàfin Ọ̀yọ́ fi í jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò kẹtàlá. Ẹ mọ̀ pé oyè ogun ni oyè yẹn. Mi ò fẹ́ yọ iṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀: ìjọba ẹ̀ ló ṣe òfin tó dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀ ní 1961, ìgbà tiẹ̀ náà ni wọ́n parí Cocoa House ní 1965, ilé tí gbogbo wa fi ń mọ̀nà ní Dùgbẹ̀ títí dòní.

Àmọ́ ẹ wo ibi tí ìwé òfin tó tún kọ gbé àwọn alátakò sí. Gómìnà ò lè yọ ọ́ mọ́. Kóòtù ò lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Inú ilé nìkan ló kù, ilé sì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni ìdìbò.

Ìdìbò náà dé ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 1965. Màgòmágó ẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ tán. Àwọn oníṣẹ́ ìdìbò kan sá lọ kí wọ́n má bàa gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ àwọn alátakò, ọmọ Dẹ́mọ̀ sì wọlé láìbá ẹnikẹ́ni du ipò. Ní ibòmíràn, èsì tí wọ́n kà níbi ìdìbò yàtọ̀ sí èyí tí rédíò kà. Adégbẹ́nró kéde pé ẹgbẹ́ òun ló wọlé, wọ́n mú un. Ọkùnrin kan gbé ìbọn wọ ilé iṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn, ó yọ ohùn Akíntọ́lá tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ kúrò, ó fi tiẹ̀ sí i. Wọ́n bá Wọlé Ṣóyínká ṣẹjọ́ lórí ẹ̀, ilé ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀.

Àwọn èèyàn ò gbé èsì ìdìbò lọ sí kóòtù mọ́. Agbo epo bẹntiróò ni wọ́n gbé. Ohun tí à ń pè ní Wẹ́tíẹ̀ nìyẹn: wọ́n á da epo sí ilé, sí ọkọ̀, sí ènìyàn, wọ́n á ṣá iná sí i. Dẹ́mọ̀ ń sun ilé Ọlọ́pẹ, Ọlọ́pẹ ń sun ilé Dẹ́mọ̀. Àwọn tọ́ọ̀gì á dí ọ̀nà, wọ́n á béèrè ẹgbẹ́ tí o ń ṣe, ìdáhùn tó bá bọ́ sódì ló máa pa ọ́. Ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ bàbá ìyá mi jóná sí.

Ẹ rántí ìjà àga ọdún 1962? Ìjà àga ni wọ́n fi kéde pàjáwìrì láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ní 1965, odindi ẹkùn ń jó, ọ̀pọ̀ èèyàn ń kú, ìjọba àpapọ̀ ò kéde nǹkan kan. Ìwé òfin kan náà tó fún wọn lágbára nígbà yẹn ṣì fún wọn lágbára nígbà yìí. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ọ̀rẹ́ wọn ló wà nípò.

Ìdájí ọjọ́ 15

Ní ìdájí ọjọ́ 15 oṣù Kínní ọdún 1966, àwọn ọmọ ogun tó fẹ́ gba ìjọba dé ilé Pírẹ́míà ní Ìbàdàn. Akíntọ́lá ò sá. Ó gbé ìbọn, ó yìn ín sí wọn. Nígbà tó yá, wọ́n pa á níbẹ̀. Ẹni ọdún 55 ni. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà ni wọ́n pa Ahmadu Bello ní Kaduna, wọ́n sì gbé Balewa lọ l'Ékòó, òkú ẹ̀ ni wọ́n rí lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.

Ìjọba ológun tó tẹ̀ lé e fi òfin kan ṣoṣo pa àwọn apá pàtàkì nínú ìwé òfin tì: kò sí Pírẹ́míà mọ́, kò sí ilé aṣòfin mọ́. Gbólóhùn tí wọ́n ti jà lé lórí láti 1962, tí wọ́n yí padà, tí wọ́n dá sẹ́yìn, kò sí ilé tó máa dúró sí mọ́.

Ẹjọ́ tó rìnrìn-àjò

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mò ń ka ìtàn yìí ni ibi tí ẹjọ́ Adégbẹ́nró àti Akíntọ́lá dé. Ní Sarawak, ní Malaysia, lọ́dún 1966 tí SLA kú náà, gómìnà fi lẹ́tà àwọn aṣòfin yọ olórí ìjọba wọn, Stephen Kalong Ningkan. Àwọn lọ́yà gbé ẹjọ́ Ìbàdàn síwájú kóòtù. Adájọ́ ní tiwọn ò rí bákan náà, ó dá Ningkan padà sípò. Kò pẹ́, ìjọba àpapọ̀ wọn kéde pàjáwìrì, wọ́n sì tún ìwé òfin ṣe. Àfi bí ẹni ń wo fíìmù kan náà lẹ́ẹ̀kejì. Ní 2010, lẹ́yìn tí irú ìjà yìí tún ṣẹlẹ̀ ní Perak, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Malaysia tẹ̀ lé ìdájọ́ Adégbẹ́nró: ìbò nínú ilé nìkan kọ́ ni ọ̀nà tí a fi lè mọ ẹni tí àwọn aṣòfin fẹ́. Àwọn tó ń kọ́ òfin ní Kuala Lumpur ń ka ọ̀rọ̀ ilé aṣòfin Ìbàdàn. Mélòó nínú àwa tí à ń wọ ọkọ̀ kọjá Sẹkitéríàtì lójoojúmọ́ ló ti gbọ́ ọ rí?

Nílé wa níbí náà, ọ̀rọ̀ ò parí. Ní oṣù Kínní ọdún 2006, aṣòfin 18 nínú 32 ní Ìbàdàn ní àwọn ti yọ Gómìnà Ràṣídì Ládọjà. Ìwé òfin 1999 ti kọ́gbọ́n díẹ̀: kò fi í sílẹ̀ fún ohun tó bá hàn sí ẹnikẹ́ni. Ó ní ìdá méjì nínú mẹ́ta, ó sì la ètò tí wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Ènìyàn 18 ò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta 32. Kí ọdún náà tó parí, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá Ládọjà padà sípò, ó sì wọlé padà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó dá òfin kankan sẹ́yìn láti gba ìdájọ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ohun tí mo rí nínú ìgbésí ayé SLA nìyí. Kò sí ìwé òfin tí kò ní gbólóhùn tó lè fa ìjà. Ìyẹn ò pa ìlú. Ohun tó pa Ìwọ̀-Oòrùn ni pé ẹni tó jàre àti ẹni tó jẹ̀bi, kò sẹ́ni tó ṣe tán láti gba ọjọ́ tí òfin bá sọ pé rárá. Ẹni tó lè yí òfin padà sẹ́yìn ti kọ́ ọ̀tá ẹ̀ pé òfin ò ṣeé gbára lé, òun náà ò sì ní rí òfin tó máa dáàbò bò ó nígbà tí ìbọn bá dé ẹnu ọ̀nà. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀.

Ìyá bàbá mi ti lọ, bàbá ìyá mi náà ti lọ. Ká ní wọ́n wà ni, màá sọ fún ìyá pé SLA tí wọ́n fẹ́ràn ò jẹ̀bi nígbà tó ní kí wọ́n sọ ọ́ nínú ilé ní gbangba. Màá sì jáde lọ bá bàbá níbi tí wọ́n jókòó sí, màá sọ fún wọn pé ìdájọ́ wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wọn lóòótọ́, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́nà tí kò tọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn á mú wọn wọlé wá jẹun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lórí fóònù, ìwé òfin 1999 wà lórí fóònù kan náà. Ẹ wá abala 188, lórí yíyọ gómìnà. Ẹ wá abala 305, lórí pàjáwìrì, kí ẹ fi ojú ara yín wò ó bóyá ó dárúkọ yíyọ gómìnà níbikíbi. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ ìjà lórí ohun tó hàn sí ẹnìkan, ó kéré tán, ẹ ti mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.